Ajá Kọ́, Àjà Ni

Àwa méjì la jọ ṣe iṣẹ́ àròkọ yìí, ṣùgbọ́n ẹnì kan ṣoṣo nínú wa ló lè di kálàmù mú. Ẹnì kejì ni Tanímọ̀la, ajá wa. Bàbá mi ló sọ ọ́ lórúkọ, bí àwọn àgbà ṣe máa ń fi orúkọ ajá sọ̀rọ̀ sí aládùúgbò. Nígbà tí wọ́n gbé e wálé, ó rù kan eegun, egbò sì kún etí rẹ̀. Gbogbo àdúgbò ní kò ní pẹ́ kú. Bàbá mi dá wọn lóhùn pé, "Ta ni mọ ọ̀la?" Bí ọ̀rọ̀ ṣe di orúkọ nìyẹn. Ọdún kẹfà rèé, ẹni tí wọ́n ní yóò kú ti di lámèyítọ́ àgbà nínú ilé wa. Àwọn ìwé tí èmi àti òun jọ kà ni mo fẹ́ sọ èrò wa lé lórí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà kan, wọ́n fi orúkọ àwọn ìwé Yorùbá tí a máa kà ránṣẹ́ sórí fóònù àwọn òbí wa. Kò sí àmì ohùn kankan lórí wọn. Mo rí "Aja Lo Leru" níbẹ̀, inú mi sì dùn gan-an, nítorí mo rò pé ìtàn ajá ni. Nígbà tí olùkọ́ wa ní kí n dìde ka àkọlé náà sétí kíláàsì, mo fi gbogbo ẹnu sọ pé, "Ajá ló lẹrù!" Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ẹnì kan tilẹ̀ gbó bí ajá láti ẹ̀yìn. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè mí ní Ajá-ló-lẹrù, mi ò sì la ẹnu ka Yorùbá sókè mọ́ títí sáà náà fi parí. Bí olùkọ́ bá ti pè mí, ikọ́ á dé. Ikọ́ mi kò gbọ́ oògùn rárá ní sáà yẹn.

Olùkọ́ wa kò bá mi jà. Wọ́n pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n yá mi ní ìwé náà gan-an, wọ́n ní kí n máa kà á sókè nílé fún ẹni tí kò ní fi mí ṣẹ̀sín. Mo ro gbogbo ará ilé wa wò. Ẹ̀gbọ́n mi kò ṣeé fọkàn tán. Àbúrò mi tún burú jù ú lọ. Ajá nìkan ló kù.

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó lábẹ́ igi máńgòrò lẹ́yìnkùlé nírọ̀lẹ́ nìyẹn. Kò pẹ́ tí mo fi mọ bí Tanímọ̀la ṣe ń dájọ́. Bí ìwé bá dùn, á na etí. Bó bá dùn gan-an, á dìde jókòó, á máa wo ẹnu mi bí ìgbà tí mo bá ń jẹ ẹran. Bí kò bá dùn, á yán, á gbé imú lé ẹsẹ̀ méjèèjì, ó di kó máa hanrun. Bó bá wá burú pátápátá, á dìde lọ lé ewúrẹ́ aládùúgbò kiri.

Ẹnikẹ́ni lè sọ pé ajá kò gbọ́ ìtàn. Òótọ́ ni, ohùn mi nìkan ló ń gbọ́. Ṣùgbọ́n ohùn mi kì í purọ́. Bí ìwé bá wọ̀ mí lára, ohùn mi á yí padà láìjẹ́ pé mo mọ̀. Etí Tanímọ̀la ni mo fi ń mọ ohun tí èmi gan-an rò nípa ìwé.

Ìwé tó dójú tì mí ni a fi bẹ̀rẹ̀: Àjà Ló Lẹrù tí Ọládẹ̀jọ Òkédìjí kọ ní ọdún 1969. Mo tún kà á ní "ajá" lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ni mo bá gbọ́ ohùn Ìyá àgbà láti ilé ìdáná níbi tí wọ́n ti ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí: "Àbẹ̀kẹ́, ta ló di ẹrù ru ajá? Àjà ni! Àjà òkè ilé!" Ìyá àgbà kò mọ̀wé kà. Wọn kò lè ka A yàtọ̀ sí B. Síbẹ̀, wọ́n mọ̀ pé ohun tí mo ń pè kò tọ̀nà. Wọ́n ṣàlàyé fún mi pé àjà ni òkè yàrá tí àwọn àgbà máa ń kó ẹrù pa mọ́ sí láyé ọjọ́un. Mo wo Tanímọ̀la. Ara tù ú nígbà tó gbọ́ pé kò sí ẹrù lórí òun.

Ìwé náà kì í ṣe ìtàn ajá lóòótọ́, ṣùgbọ́n ajá kò sùn nídìí rẹ̀. Ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni. Lápàdé, tó ti fi iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀, ló ń tọpa àwọn ọ̀daràn, tòun ti Tàfá Ìgíripá. Ohun tí mo fẹ́ràn jù níbẹ̀ ni bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀. Òkédìjí kì í fi àkókò ṣòfò láti sọ fún wa pé báyìí báyìí ni ìwà ẹnì kan rí. Á jẹ́ kó la ẹnu, àwa náà á sì mọ irú ẹni tó jẹ́. Ìfòyà àti ẹ̀rín jọ ń rìn nínú ìwé kan náà. Àléébù kan ṣoṣo tí mo rí ni pé Lápàdé fẹ́ràn òwe ju bó ṣe yẹ lọ nígbà mìíràn. Bí ewu bá ti súnmọ́ etí, èmi ì bá fẹ́ kó kọ́kọ́ sá ná, kó pa òwe nígbà tó bá délé. Tanímọ̀la kò gbà pẹ̀lú mi. Etí rẹ̀ wà lókè títí.

Ìwé kejì ni Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí D. O. Fágúnwà kọ, tó jáde ní ọdún 1938, tí Wọlé Ṣóyínká sì tú sí èdè Gẹ̀ẹ́sì ní 1968. Níhìn-ín ni mo ti mọ ìdí tí ìwé Yorùbá fi yẹ kó gba ẹnu jáde. Nínú ìtàn náà, Àkàrà-ògùn ló ń sọ, ẹlòmíràn ló ń kọ ọ́ sílẹ̀, àwọn èèyàn sì ń pé jọ láti wá gbọ́. Fágúnwà fúnra rẹ̀ ti fi hàn wá pé etí ni òun ń kọ̀wé fún. Bí èèyàn bá fi ojú nìkan kà á, gbólóhùn rẹ̀ lè gùn jù. Bó bá fi ẹnu kà á, á rí i pé ibi tó yẹ kí èèyàn mí sí ni gbólóhùn náà ti dúró. Nígbà tí mo dé ibi tí Àkàrà-ògùn àti Àgbákò ti ń jà, ohùn mi ròkè débi pé Tanímọ̀la dìde, ó ń gbó igi máńgòrò. Ó rò pé Àgbákò wà lókè níbẹ̀. Ìyá àgbà gbé agbọ̀n ẹ̀gúsí wọn jáde, wọ́n wá jókòó tì wá. Láti ọjọ́ náà, a di mẹ́ta.

Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò fẹnu kò lórí gbogbo ìwé náà o. Nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ Ìrágbèje, tó fi ọjọ́ méje gba àwọn ọdẹ náà níyànjú, Tanímọ̀la kò tilẹ̀ dúró dé ọjọ́ kejì tó fi sùn lọ. Èmi náà ń yán. Mo ní ìwàásù yìí ti pọ̀ jù, pé òǹkọ̀wé ti gbàgbé pé inú igbó la wà. Ìyá àgbà ní rárá, ibẹ̀ gan-an ló dùn jù. Wọ́n ní, "Tún un kà, fún ajá rẹ àti fún ara rẹ." Mo tún un kà. Mo wá rí i pé ìtàn ni Ìrágbèje fi ń gba ni níyànjú, kì í ṣe àṣẹ lásán. Síbẹ̀, mo ṣì rò pé ọjọ́ mẹ́ta ì bá tó. Ìyá àgbà ní tí mo bá bímọ, ọjọ́ méje kò ní tó mi.

Ẹ̀kẹta ni ìtàn Ajá àti Ìjàpá, tó wà nínú ọ̀pọ̀ ìwé kíkà ọmọ iléèwé. Ìyàn mú, Ajá ń lọ jí iṣu wà lóko olóko, Ìjàpá bẹ̀ ẹ́ kó mú òun dání. Ajá mú ìwọ̀nba, ó sì sá lọ. Ìjàpá di ẹrù tó ju agbára rẹ̀ lọ, ọwọ́ sì tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀kọ́ tí wọ́n máa ń kọ sísàlẹ̀ ìtàn náà ni pé ká má ṣe ọ̀kánjúwà. Mo gbà. Ṣùgbọ́n ta ló bi Ajá pé oko ta ni òun náà ti wà á? Olè ni àwọn méjèèjì. Ọ̀kan kàn mọ ìwọ̀n ẹrù rẹ̀ ni. Mo rò pé ìtàn yìí gbọ́n ju ẹ̀kọ́ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn lọ, ìbéèrè yìí ló sì yẹ kí àwọn olùkọ́ jẹ́ ká jà lé lórí. Nígbà tí mo bi Tanímọ̀la, ó gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹran kan ti sọnù nínú ìkòkò wa lọ́sẹ̀ náà.

Ìwé kẹrin, mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Ẹni tó kọ ọ́ ń ronú ní Gẹ̀ẹ́sì, ó kàn ń fi Yorùbá bò ó mọ́lẹ̀ ni. Níbi tó yẹ kó ti sọ pé ẹnì kan ṣe kòńgẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ àtijọ́, ó ní ó sáré sínú ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ìyá àgbà bi mí pé, "Ibo ló gbà wọlé?" Tanímọ̀la ti lọ bá ewúrẹ́. Kí n má parọ́, ó fa ìwé kan ya rí, ìwé àkójọ ìbéèrè ìdánwò ni. Èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ló ṣẹ́kù. Èmi kò kà á sí ìdájọ́ pé ìwé náà burú. Ìyá mi fi ọwọ́ tí wọ́n fi jẹ ẹ̀kọ di í mú ni.

Ní sáà tó tẹ̀ lé e, mo na ọwọ́ sókè fúnra mi. Mo dìde, mo ka ìjà Àkàrà-ògùn àti Àgbákò. Ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n mo ṣe bí ẹni pé abẹ́ igi máńgòrò ni mo wà. Aago lu kí n tó parí. Ẹni tó gbó sí mi lọ́jọ́sí ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀: "Kí ló wá ṣẹlẹ̀?" Mo ní, "Ta ni mọ ọ̀la?" Mo sì jókòó.

Ohun tí mo rí kọ́ kò ju èyí lọ. Èmi mọ lẹ́tà, n kò mọ ohùn. Ìyá àgbà mọ ohùn, wọn kò mọ lẹ́tà. Ó gba àwa méjèèjì kí ìwé kan ṣoṣo tó ṣeé kà, ajá ló sì mú wa pàdé. Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa fi àmì sórí ọ̀rọ̀, ẹ má jẹ́ kí ajá ru ẹrù àjà. Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ bá ń kàwé Yorùbá nílé, ẹ má sọ pé ó ń pariwo. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, bí ẹ̀rù bá ń bà yín láti kàwé sókè, ẹ wá ẹni tí kò ní fi yín rẹ́rìn-ín. Bí ẹ kò bá rí ènìyàn, ẹ wá sí ilé wa. Tanímọ̀la kì í gba owó; eegun ló ń gbà.