Kì Í Ṣe Akúra: Àìní Irúgbìn Ọkùnrin nínú The Secret Lives of Baba Segi's Wives

Ilé olórogún kan ní Ìbàdàn ni ìtàn àròsọ tí Lọlá Ṣónẹ́yìn gbé jáde ní 2010 yìí dá lé. Bọ́láńlé, ìyàwó kẹrin tí ó kàwé ní yunifásítì, kò lóyún. Bàbá Sẹ̀gi, tí àwọn ìyàwó mẹ́ta àkọ́kọ́ ti bí ọmọ 7 sí ilé rẹ̀, mú un lọ sí ilé ìwòsàn. Àyẹ̀wò fi hàn pé ọkọ gan-an ni àtọ̀ rẹ̀ kò ní irúgbìn. Àwọn ọkùnrin mìíràn ni ó bí àwọn ọmọ náà.

Ó rọrùn láti ka ìwé náà bí àtakò sí ìkóbìnrinjọ lásán. Ọ̀ràn rẹ̀ jinlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èdè Yorùbá ní àgàn fún obìnrin tí kò bímọ. Ó ní akúra fún ọkùnrin tí kò lè bá aya lò. Fún ọkùnrin tí ara rẹ̀ le koko, ṣùgbọ́n tí àtọ̀ rẹ̀ ṣófo, kò sí orúkọ tí ó wọ́pọ̀ lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀. Inú àlàfo yìí ni àwọn ìyàwó náà fi àṣírí wọn pamọ́ sí. Nítorí pé Bàbá Sẹ̀gi kì í ṣe akúra, òun pàápàá kò fura sí ara rẹ̀.

Ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì gbe òǹkọ̀wé lẹ́yìn. Nínú kóró ẹpọ̀n, ọ̀tọ̀ ni sẹ́ẹ̀lì tí ó ń pèsè hómónù ọkùnrin, ọ̀tọ̀ ni èyí tí ó ń di irúgbìn. Dídàgbà irúgbìn ń gba nǹkan bí ọjọ́ 74, ọ̀pọ̀lọpọ̀ jíìnì ni ó sì ń darí rẹ̀. Ní 1976, Luciano Tiepolo àti Orsetta Zuffardi, ní Ítálì, ṣàlàyé àwọn ọkùnrin 6 tí kò ní irúgbìn, tí apá kan sì ti gé kúrò lára kúrómósóòmù Y wọn. Ọkùnrin ni wọ́n síbẹ̀.

Ìyá Tọ́pẹ́ ni ó mú ọ̀ràn náà dé oko. Bàbá rẹ̀, àgbẹ̀, fi í fún Bàbá Sẹ̀gi láti dí àdánù irè oko tí ó kùnà. Àgbẹ̀ Akínyẹlé, Lágelú, Ẹ̀gbẹ́dá tàbí Ọ̀nà-Àrà mọ̀ pé bí ohun ọ̀gbìn kò bá hù, kì í ṣe ilẹ̀ nìkan ni à ń wò, à ń wo irúgbìn pẹ̀lú. Bí òbúkọ bá ń gun ewúrẹ́ tí kò sí èyí tí ó lóyún, òbúkọ ni à ń pààrọ̀. Nínú ilé nìkan ni gbogbo ẹjọ́ ti ń di ti ilẹ̀: obìnrin ni à ń gbé kiri ọ̀dọ̀ babaláwo, wòlíì àti dókítà.

Àléébù ìwé náà ni pé òǹkọ̀wé fi ara Bàbá Sẹ̀gi ṣe yẹ̀yẹ́ púpọ̀, pẹ̀lú èébì àti ìgbẹ́nusókè rẹ̀, títí òǹkàwé yóò fi fẹ́ rò pé ẹ̀san ìwà rẹ̀ ni àìsàn náà. Kúrómósóòmù tí ó gé kò mọ olódodo yàtọ̀ sí ẹlẹ́ṣẹ̀. Bí ọkùnrin bá sì rí i pé ẹ̀sín ni àyẹ̀wò ń mú wá, yóò sá fún un, ìyàwó rẹ̀ ni yóò sì máa jẹ́ àgàn lọ. Ìparí ìtàn tún èyí ṣe díẹ̀: Bàbá Sẹ̀gi kò kọ àwọn ọmọ náà sílẹ̀.