Ìjókòó Àgbà Nínú Fọ́tò Dúdú àti Funfun

Yorùbá a máa pa á lówe pé ohun tí àgbà rí ní ìjókòó, bí ọmọdé gun orí igi, kò lè rí i. Òwe náà bá fọ́tò kan mu, èyí tí a fi kọ́ ara ògiri nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ pálọ̀ ilẹ̀ Yorùbá. Àgbàlagbà kan jókòó sí orí àga, ó kọjú sí ẹni tí ń wò ó gbọnrangandan, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé itan, ó sì ya ẹsẹ̀ díẹ̀ kí aṣọ rẹ̀ lè tẹ́ dáadáa. Kò rẹ́rìn-ín. Dúdú àti funfun ni àwòrán náà. Ẹni tí kò fara balẹ̀ lè sọ pé bákan náà ni gbogbo wọn rí, pé ayàfọ́tò kò ní ọgbọ́n tirẹ̀ nínú. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n wà nínú ìjókòó náà, àwọn tí kò sì mọ̀ ọ́n ni ó ń bà á jẹ́ lónìí.

Ọmọ Amẹ́ríkà kan, Stephen Sprague, tẹ ìwádìí jáde ní 1978 lórí iṣẹ́ àwọn ayàfọ́tò Yorùbá. Ó fi hàn pé ojú tí Yorùbá fi ń wo ère ni wọ́n fi ń wo fọ́tò. Ṣáájú rẹ̀, ní 1973, Robert Farris Thompson ti tẹ ọ̀rọ̀ tí ó gbà lẹ́nu àwọn Yorùbá tí ó mọ ère í wò jáde. Jíjọra wà nínú ọ̀rọ̀ wọn: kí ère jọ ènìyàn níwọ̀n, kí ó má jọ ọ́ jù, kí ó má sì ṣàì jọ ọ́. Ọ̀dọ́ náà wà níbẹ̀: kí a gbẹ́ ènìyàn bí ẹni tí agbára rẹ̀ pé, ìbáà tilẹ̀ ti di arúgbó.

Níhìn-ín ni ìṣòro ayàfọ́tò ti bẹ̀rẹ̀. Agbẹ́gilére lè fi ọ̀bẹ dá ọ̀dọ́ padà fún àgbà. Fíìmù kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí ìmọ́lẹ̀ bá bà ni ó ń gbà. Nígbà tí àwọ̀ bá sì kúrò nínú àwòrán, ìmọ́lẹ̀ àti òjìji nìkan ni ó kù, gbogbo ibi tí ojú ti hunjọ a sì di ìlà dúdú. Àwọn ayàfọ́tò mìíràn a máa fi pẹ́ńsù tọ́ nẹ́gátíìfù kí ìlà ojú lè fúyẹ́. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n tí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ ni pé wọ́n sún kámẹ́rà sẹ́yìn. Wọ́n ya gbogbo ara, láti fìlà dé bàtà. Iyì tí ogbó ń gbà lọ ní ojú, wọ́n fi í sí èjìká, sí ọwọ́, sí orúnkún àti sí aṣọ.

Iṣẹ́ yìí kò rọrùn. Bí ayàfọ́tò bá wọn ìmọ́lẹ̀ láti ara agbádá funfun nìkan, ojú àgbà tí ó dúdú yóò rì sínú òkùnkùn. Bí ó bá wọn ti ojú nìkan, tí ó sì fi fíìmù sílẹ̀ pẹ́ jù nínú oògùn tí a fi ń fọ̀ ọ́, ọnà ara agbádá yóò pòórá. Ẹni tí ó mọṣẹ́ a fún ojú ní ìmọ́lẹ̀ tí ó tó, a sì tètè yọ fíìmù kúrò nínú oògùn. Ẹni tí ń wo irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ yóò rí ojú, yóò sì rí ọnà.

Ó yẹ kí a fi èyí wé iṣẹ́ Richard Avedon ní Amẹ́ríkà. Fíìmù dúdú àti funfun ni òun náà lò nígbà tí ó ń ya baba rẹ̀, Jacob Israel Avedon, léraléra títí di 1973 tí baba náà kú. Ní 1974, a pàtẹ àwọn fọ́tò náà ní Museum of Modern Art ní New York. Avedon sún mọ́ baba rẹ̀ pẹ́kípẹ́kí. Àìsàn ń jẹ baba, ìbẹ̀rù sì hàn lójú rẹ̀. Yorùbá tí ó bá kọ́kọ́ rí i lè wí pé ọmọ yìí tú baba rẹ̀ sí ìhòòhò. Ìdájọ́ bẹ́ẹ̀ yá jù. Àwọn fọ́tò náà sọ òtítọ́ kan tí fọ́tò pálọ̀ kò lè sọ: pé ó ń dun ẹni tí ń kú. Àgbà orí àga kì í ṣàìsàn, ìyà tí ó ti jẹ kì í sì í hàn. Àbùkù ìlànà wa nìyẹn, kò sì yẹ kí a fi pamọ́.

Ṣùgbọ́n ìlànà kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n tirẹ̀, àdàlù wọn ni ó ń fa ìbàjẹ́. Nígbà ìsìnkú, àwọn ọmọ a mú fọ́tò baba tàbí ìyá wọn, wọn a gé orí nìkan kúrò nínú rẹ̀, wọn a sọ ọ́ di ńlá fún pósítà àti ìwé ètò ìsìnkú. Ọwọ́ lọ, orúnkún lọ, aṣọ lọ. Ojú tí ayàfọ́tò ti mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí ó kéré ni ó wá dá dúró, pẹ̀lú gbogbo ìlà tí ogbó kọ sí i. Wọ́n gba ìsúnmọ́ Avedon láìní ìgboyà rẹ̀, wọ́n sì gé ìjókòó àgbà sọnù.

Ẹni tí irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ bá wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó tẹ̀ ẹ́ lódindi, títí dé ẹsẹ̀ àga. Bí ó bá sì rí nẹ́gátíìfù rẹ̀, kí ó tọ́jú u.