Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Ẹja Ni Kí O Wò

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ aquarium ní Ajégúnlẹ̀ kì í ka ehó. Àwa ọmọṣẹ́ la máa ń dúró ti gíláàsì, tí à ń ka ehó CO2, gáàsì tí à ń fún ewéko inú omi, bó ṣe ń jáde. Òun á gbé àpótí, á jókòó, á tẹjú mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹja.

Bí a ṣe ń so rọ́bà mọ́ sílíńdà gáàsì náà kò le. Inú bí a ṣe ń ṣí i niṣẹ́ wà. Nǹkan bí 30 mílígíráàmù CO2 nínú lítà omi kan tó fún ewéko. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ púpọ̀, CO2 tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ẹja ò ní rọ́nà jáde mọ́. Ìgò kékeré aláwọ̀ tí à ń fi sínú omi máa ń sọ ọ́: búlúù, kò tó; àwọ̀ ewé, ó tó; ìyeyè, ó ti pọ̀ jù. Àmọ́ ìgò yẹn máa ń pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀. Ohun tó ń wí láago mẹ́wàá, ọ̀rọ̀ aago mẹ́jọ ni.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí ọ̀gá bá ti yí ẹnu sílíńdà tíńtín, ó di ọjọ́ kejì kó tó tún fọwọ́ kàn án, àyàfi bí ẹja bá ń bẹ̀bẹ̀. Ẹja tó ń ṣí ẹ̀rẹ̀kẹ́ wéréwéré, tó kọ oúnjẹ, tó ń rìn lọ síbi tí omi ti ń dà jáde látinú ẹ̀rọ, ó ti ń bẹ̀bẹ̀ nìyẹn. Kó tó gòkè wá máa la ẹnu lójú omi, ọ̀gá ti dín gáàsì kù.

Mo rántí ilé kan ní GRA Àpápá. Onílé ń fi ìgò han ọ̀gá, àwọ̀ ewé ló wà. Ọ̀gá nawọ́ sí krib kan, ẹja odò gúúsù Nàìjíríà tiwa níbí, tó ń mí gúlegúle lẹ́yìn òkúta. “Ẹ má bínú, sà, ìgò yín ò tíì gbọ́.” Ó yí ẹnu ẹ̀rọ omi sókè kí ojú omi lè máa rú, kí gáàsì lè fò lọ. Nígbà tí a jẹ búrẹ́dì tán, ìgò ti di ìyeyè.

Àwọn kan ń po ṣúgà mọ́ yíìsì sínú ike báyìí kó lè máa tú CO2 jáde dípò sílíńdà, wọ́n ní owó ò sí. Yíìsì kì í sùn! Lóru, ewéko fúnra rẹ̀ ń tú CO2 síta, ó sì ń bá ẹja du ọ́síjìn. Bí NẸPÁ bá wá mú iná lọ, ẹ̀rọ omi kú, ike ń hó lọ. Àwọn ẹnu sílíńdà olówó pọ́ọ́kú náà ńkọ́? Bí gáàsì bá kù díẹ̀, wọ́n á da gbogbo rẹ̀ sómi lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tí ò ní sùúrù, kó gbin Anubias, ewé odò ilẹ̀ wa tí kò bẹ gáàsì.

Èmi ò jẹ́ so sílíńdà fún oníbàárà tí kò bá tíì ra ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ tó ń lo bátìrì. Àwọn kan máa ń bínú lọ.