Ọmọláńgidi Aláṣọ: Ta ni A Ṣe É Fún?

Ẹni tí ó bá gba iwájú ilé ìwòsàn Adéọ̀yọ́ ní Yemẹtu kọjá kò lè ṣàìrí àwọn tí ń ta ohun èlò ọmọ tuntun: fìlà òwú, ìbọ̀sẹ̀ kékeré, ìlédìí àti ọ̀já. Láàárín wọn ni mo ti rí ọmọláńgidi kan tí aránṣọ kan fi àgékù àǹkárá rán. Òwú dúdú ni ó fi ṣe irun orí rẹ̀. Àgékù aṣọ ni ó kì sí i nínú. Mo rà á. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń rò ó pé àwa onímọ̀ kò tíì ṣe ẹ̀tọ́ fún irú iṣẹ́ yìí.

Bí a bá dárúkọ ère ọmọ láàárín wa, ère ìbejì ni gbogbo wa ń sáré sí. Kò burú. Àwọn ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé káàkiri àgbáyé ló kó o pamọ́, ìwé sì pọ̀ lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọláńgidi onígi, èyí tí a gbẹ́ pẹlẹbẹ, tí ó ní orí àti ọrùn ṣùgbọ́n tí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní apá, tí ọmọbìnrin kékeré ń pọ̀n sẹ́yìn, etí ìwé ni a ń tì í sí. Ohun tí a ń kẹ́, tí a ń bọ, òun ni a kà sí ọnà. Bẹ́ẹ̀ ni ààlà àárín méjèèjì kò nípọn tó bí a ti rò. Marilyn Houlberg ti kọ ọ́ ní 1973 pé àwọn ìyá ìbejì kan ń lo ọmọláńgidi oníke dípò ère igi.

Ní tèmi, aṣọ àti òwú ní ohun kan tí igi kò ní. Irun tí agbẹ́gilére bá gbẹ́ sórí ère kò ṣeé tú láéláé. Ṣùkú ni yóò máa jẹ́. Irun òwú ṣeé tú, ó ṣeé dì padà. Nígbà tí mo wà ní kékeré, àgbàdo tútù ni a ń lò. A ó di irun rẹ̀ ní kolẹ́sẹ̀, a ó tú u, títí yóò fi já tán. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ti kọ́ bí a ti ń ya irun kí a tó gbà wá láyè láti fọwọ́ kan orí ènìyàn.

Ìdí nìyí tí èyí tí mo rà fi dùn mí. Irun rẹ̀ dára púpọ̀, ṣùgbọ́n gèlè ni a rán mọ́ ọn lórí gbọnyin, ìró àti bùbá sì lẹ̀ mọ́ ọn lára. Bọ́tìnnì ni ojú rẹ̀, ewu sì ni èyí fún ọmọ tí gbogbo nǹkan ṣì ń lọ sí ẹnu rẹ̀. Mo sọ ọ́ fún aránṣọ náà.

“Màmá, ẹ má bínú,” ni ó wí. “Àwọn tí ń rà á, orí tábìlì ni wọ́n ń gbé e sí.”

Ọ̀rọ̀ náà gún mi lọ́kàn. Ní àwọn ọdún 1940, Kenneth àti Mamie Clark gbé ọmọláńgidi funfun àti dúdú kalẹ̀ níwájú àwọn ọmọ adúláwọ̀ Amẹ́ríkà; púpọ̀ nínú wọn yan funfun. Ilé ẹjọ́ gíga jù lọ níbẹ̀ tọ́ka sí ìwádìí Kenneth ní 1954, nígbà tí ó dá pípín ilé ẹ̀kọ́ ní ti àwọ̀ dúró. Barbie ti Mattel jáde ní 1959. Ní 2007, Taofick Okoya dá Queens of Africa sílẹ̀ ní Nàìjíríà, awọ dúdú, aṣọ ilẹ̀ wa. Mo yìn ín. Ṣùgbọ́n ara tẹ́ẹ́rẹ́, líle bíi ti Barbie náà ni. Ta ni yóò pọ̀n ọ́n? Àwọn ará Jámánì tí ń tẹ̀lé ẹ̀kọ́ Waldorf, tí ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ àkọ́kọ́ ṣí ní Stuttgart ní 1919, a máa fi aṣọ àti irun àgùntàn ṣe tiwọn, wọn a sì fi ojú àti ẹnu sí i ní ṣókí, kí ọmọ fúnra rẹ̀ lè fi ẹ̀rín tàbí ẹkún kún un. Àwọn agbẹ́gilére tiwa náà kò rojọ́ púpọ̀ sí ojú ọmọláńgidi.

Mo ní kí aránṣọ náà ṣe òmíràn fún mi: kí ó fi òwú ya ojú rẹ̀, kí ó má sì rán aṣọ kankan mọ́ ọn. Ó ṣe é. Mo fún ọmọ àbúrò mi, ọmọ ọdún mẹ́rin. Kò pẹ́ tí ó fi tú gèlè náà, ó fi ṣe ọ̀já, ó sì pọ̀n ọ́n lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Aránṣọ náà ṣì ń rán bọ́tìnnì mọ́ ti àwọn oníbàárà orí tábìlì. Àwọn ni wọ́n ń san owó tí ó fi ń jẹun, n kò sì mọ bí mo ṣe lè bá a wí.