Orí Onígun Mẹ́rin ní Sant'Angelo

Tẹ́ ẹ bá rí àwòrán inú ṣọ́ọ̀ṣì Sant'Angelo in Formis, ní abúlé kan lẹ́bàá Capua ní gúúsù Ítálì, ẹ má tíì wo Jésù tó jókòó lórí ìtẹ́ lókè pẹpẹ. Ẹ wo ìsàlẹ̀, lápá òsì. Ọkùnrin kan gbé ilé kékeré dání níbẹ̀. Desiderius ni, olórí àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ Monte Cassino. Ṣọ́ọ̀ṣì yẹn gan-an ló gbé lọ́wọ́. Ìmọ́lẹ̀ ẹ̀yìn orí àwọn ẹni mímọ́ rí róbótó, tiẹ̀ ní igun mẹ́rin. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ọ̀gá ṣì wà láàyè nígbà tí wọ́n ń yà á. Ọdún 1072 ni ṣọ́ọ̀ṣì bọ́ sọ́wọ́ Monte Cassino, Desiderius di póòpù ní 1086, ó kú ní 1087. Igun mẹ́rin yẹn ló fún wa ní déètì.

Orí ilẹ̀ tẹ́ḿpìlì Diana, òrìṣà ọdẹ àwọn ará Róòmù, ni wọ́n kọ́ ọ sí. Òpó àtijọ́ ló ṣì gbé e ró. Wọ́n lé òrìṣà, wọn ò lé òpó.

Desiderius ti ránṣẹ́ pe àwọn oníṣẹ́ ọnà láti Constantinople wá sí Monte Cassino, ṣùgbọ́n ìmìtìtì ilẹ̀ ba ibẹ̀ jẹ́ ní 1349, bọ́ǹbù sì wó o palẹ̀ ní 1944. Abúlé ló wá kù tí a ti lè rí irú àwòrán tó fẹ́.

Ó rọrùn láti sọ pé ẹ̀dà iṣẹ́ àwọn ará Constantinople lásán ni. Lóòótọ́, ojú wọn ràn kalẹ̀, pupa ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn sì dà bíi make-up ẹni tó ń kánjú. Èmi ò gbà. Ẹ wo obìnrin ará Samáríà lẹ́bàá kànga, ẹ wo Lásárù àti ọlọ́rọ̀: ẹni tó jókòó lẹ́yìn pátápátá, tí kò mọ̀wé, máa mọ ẹni tó ń bá ẹnì kan sọ̀rọ̀. Ìlà tó nípọn, ọwọ́ tó tóbi, ojú tó là sílẹ̀, iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe nìyẹn. Ẹni tó kàn ń da iṣẹ́ ẹlòmíì kọ kì í ronú nípa ẹni tó wà lẹ́yìn.

Ìdájọ́ Ìkẹyìn ló kún ògiri ẹnu ọ̀nà, kí ẹ lè rí i bí ẹ bá ń jáde. Áńgẹ́lì ń fun kàkàkí, òkú ń dìde. Ọ̀run àpáàdì ibẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ bà mí lẹ́rù, kí n má parọ́. Obìnrin ẹ̀bá kànga yẹn ni mo ṣì ń wò.