Ọ̀nà tí Iná ń Gbà Padà

Kọ́! Bí Ìjàpá Volkswagen bá dún báyìí lẹ́yìn tí a yí kọ́kọ́rọ́, tí ẹ́ńjìnnì ò sì mira, ọ̀gá mi tó kọ́ mi níṣẹ́ ni mo máa ń rántí. Mẹkáníìkì mìíràn á ní bátìrì ló kú. Òmíràn á ní kíìkì tó ń jí ẹ́ńjìnnì ni, á sì ti wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ tú u. Ọ̀gá mi á kọ́kọ́ ní kí a gbé àga ẹ̀yìn kúrò, torí abẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún ni bátìrì Volkswagen yìí ń gbé. Wọ́n á béèrè pé, "Ìdérí bátìrì dà?" Bí kò bá sí ìdérí, ẹni tó ni ọkọ̀ á gbọ́ ọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà. Bí ẹni tó sanra bá jókòó lẹ́yìn, sípíríǹgì àga lè kan orí bátìrì, kí ohun tí wọ́n kì sínú àga sì gbaná.

Ẹni tó bá mọ Ìjàpá ti mọ bí a ṣe ń sẹ́ẹ̀tì kọ́ńtáàkì sí 0.4 mílímítà àti fáàfù sí 0.15, n kò ní fi ìyẹn dá yín dúró. Áàtì ni mo fẹ́ sọ, ìyẹn ọ̀nà tí iná ń gbà padà sínú bátìrì. Wáyà tó ń gbé iná lọ ni gbogbo èèyàn ń wò. Ta ló ń wo ibi tó ń gbà bọ̀?

Orí rọ́bà ni ẹ́ńjìnnì Ìjàpá àti gíá rẹ̀ jókòó lé, rọ́bà kì í sì í gbé iná. Ìgbànú pẹlẹbẹ kan, wáyà híhun, ló so imú gíá mọ́ irin ọkọ̀. Abẹ́ ló wà, níbi tí ẹrẹ̀ àti omi ń ta sí. Ó ń jẹra díẹ̀díẹ̀, ojú kì í sì í tètè rí i. Ọjọ́ tó bá já, iná á wá ọ̀nà mìíràn gbà.

Ọkùnrin kan gbé tirẹ̀ dé láti Ìsẹ́yìn. Kébù kílọ́ọ̀ṣì ló ní ó ń yọ òun lẹ́nu: bó bá ti ra tuntun, kò ní pẹ́ tí á fi le gbagidi. Kò tilẹ̀ dárúkọ iná rárá. Ọ̀gá mi ní kí n wọlé yí kọ́kọ́rọ́, wọ́n sì fi ẹ̀yìn ìka kan kébù náà. Wọ́n pè mí, wọ́n ní, "Ìwọ náà fọwọ́ kàn án." Ó gbóná! Ìgbànú áàtì ti jẹra, kébù kílọ́ọ̀ṣì sì ni iná kíìkì ń gbà padà sílé. Mo ṣì rí ojú ọkùnrin náà bí ó ṣe di ìgbànú náà mú, tó ń wò ó.

Ẹ̀yìn ìka ni wọ́n ń lò. Wọ́n ní àtẹ́lẹwọ́ mẹkáníìkì ti yi jù, kò lè mọ ìgbóná díẹ̀. Lẹ́yìn tí a bá ti ṣíná díẹ̀, wọ́n á kan orí bátìrì, wọ́n á kan ìdè tó wà lórí rẹ̀, wọ́n á kan bọ́ọ̀tì tó so wáyà mọ́ ara ọkọ̀, kí wọ́n tó wá kan ìgbànú ìsàlẹ̀ lórí méjèèjì. Ibi tó bá gbóná, ibẹ̀ ni iná ti ń jìjàkadì.

Lẹ́yìn ìka ni mítà. Wọ́n á fi ẹsẹ̀ mítà kan sórí bátìrì fúnra rẹ̀, lápá áàtì, kì í ṣe sórí ìdè rẹ̀. Wọ́n á fi èkejì sára irin ẹ́ńjìnnì níbi tó ti mọ́. Wọ́n á wá pariwo, "Ṣíná!" Ìgbà tí kíìkì bá ń fa iná nìkan ni mítà ń sọ òótọ́. Bí iná kò bá rìn, odo ni mítà á fi hàn, ì báà ṣe fọ́nrán wáyà kan ṣoṣo ló kù. Bó bá lé ní ìdajì fóòtì, ọ̀nà ti bàjẹ́. Ẹsẹ̀ kejì á wá bẹ̀rẹ̀ sí í rìn padà: láti ẹ́ńjìnnì sí gíá, láti gíá sí irin ọkọ̀, láti irin ọkọ̀ sí ìdè bátìrì, a ó sì máa ṣíná níbi kọ̀ọ̀kan. Ibi tí nọ́ḿbà bá ti já wálẹ̀ lójijì, àárín ibẹ̀ àti ibi tí a ti kúrò ni àrùn wà. Lọ́jọ́ tí èmi nìkan kọ́kọ́ tọ́ ọ dé ìdí rẹ̀, ọ̀gá mi ò sọ nǹkan kan. Wọ́n kàn gbé mítà lé mi lọ́wọ́ pé kí n máa tọ́jú rẹ̀.

Orí àwọn Ìjàpá àtijọ́, tí bátìrì wọn jẹ́ fóòtì 6, ni wọ́n ti kọ́ṣẹ́, kí ti fóòtì 12 tó gbòde ní 1967. Nínú 6, bí 1 bá sọnù lọ́nà, ọkọ̀ lè má jí. Ìdí nìyẹn tí wọn kò fi gbà kí a fi téstà kékeré wá àṣìṣe iná. Fọ́nrán wáyà kan tó láti tan gílóòbù rẹ̀. Gílóòbù iná iwájú, wáàtì 45, ni wọ́n so wáyà méjì mọ́, wọ́n sì tọ́jú rẹ̀ sínú agolo Bournvita. Lórí bátìrì fóòtì 12, ìyẹn ń fa tó áńpíà 4. Wáyà tó ti jẹra kò lè tàn án dáadáa.

Lónìí, àwọn mẹkáníìkì á ti ra kíìkì tòkunbọ̀ ní ọjà Gate kí wọ́n tó wo abẹ́ ọkọ̀. Wọ́n á ra wáyà tí inú rẹ̀ jẹ́ alumíníọ́ọ̀mù, tí wọ́n kàn fi kọ́pà bò lára. Wọ́n á fi bébà fàdákà inú páálí sìgá rọ́pò fíúùsì, wọ́n á gba owó, ọkọ̀ á lọ jóná níwájú. Inú máa ń bí mi. Lójú ọ̀nà Bàdágírì ni Volkswagen ti bẹ̀rẹ̀ sí í to Ìjàpá ní 1975. Ní Mẹ́síkò ni wọ́n ti ṣe èyí tó gbẹ̀yìn ní 2003. Wọn kò ṣe é mọ́, nítorí náà kíìkì àtilẹ̀wá tí ẹnì kan bá sọ nù lónìí torí ìgbànú tó dọ̀tí, ó ti lọ nìyẹn.

Bí Ìjàpá bá wà nílé yín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ wọ abẹ́ rẹ̀ lọ́la. Ẹ tú ìgbànú imú gíá, ẹ fi sáńdípépà ha irin ibi tí ó jókòó sí títí á fi dán, ẹ dè é padà kó le, kí ẹ sì fi gíríìsì bò ó. Ẹ ṣe ìyẹn ná kí ẹ tó gbà kí ẹnikẹ́ni ta bátìrì fún yín.