Òrí Ọjà Tuntun àti Ìda Kíríjì

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́, lọ́sẹ̀ tó kọjá mo lọ ra òrí ní Ọjà Tuntun nítorí orúnkún àgbà. Ọdẹ kan dúró tì mí, ó ń ná tirẹ̀. "Bàbá, ọta ni mo fẹ́ fi pa. Ọta tí a bá fi òrí pa kì í tàsé." Ìyá tó ń ta òrí ní òótọ́ ni. Ta ni kò ní polówó ọjà rẹ̀?

Mi ò bá a jiyàn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà bá mi délé. Ní ti ráífù kékeré tí wọ́n ń pè ní .22, tí ohun tó ń gbaná wà ní etí ìdí kátíríìjì rẹ̀, ọ̀rá ara ọta ṣe pàtàkì gan-an. Òjé ni ọta rẹ̀ sábà máa ń jẹ́, òjé sì rọ̀. Bí kò bá sí ìda tàbí gírísì lára rẹ̀, òjé á máa lẹ̀ mọ́ inú ihò ìbọn, àwọn ọta tó tẹ̀lé e á sì máa yà kúrò níbi tí a fojú sùn. Kódà, bí ẹni tó ń fi ìbọn díje bá pààrọ̀ ọta sí irú mìíràn tí ọ̀rá rẹ̀ yàtọ̀, ọta mélòó kan àkọ́kọ́ lè tú káàkiri títí ọ̀rá tuntun yóò fi tẹ́ inú ihò náà.

Ṣùgbọ́n ráífù ní ìlà tó lọ́ yípo nínú ihò rẹ̀. Òun ló ń mú ọta yí bí òkòtó, ìyí yẹn ló sì ń mú un lọ tààrà. Ìda kàn ń jẹ́ kí ìlà náà ríṣẹ́ ṣe ni. Ṣakabùlà ọdẹ wa kò ní ìlà kankan nínú. Òrí lè jẹ́ kí èérí ẹ̀tù rọ̀, kó rọrùn láti nù. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Kí ọta má tàsé? Rárá o. Ewu tún wà níbẹ̀: òrí á ti yọ́ kí ooru tó tó 40°C, ẹ sì mọ Ìlọrin lóṣù kẹta. Bó bá ṣàn bá ẹ̀tù, ìbọn lè kọ̀, tàbí kó pẹ́ kó tó dún, nígbà tí ọdẹ ti ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ìda oyin ní tirẹ̀ kì í yọ́ títí á fi kọjá 60°C.

Ìda oyin yìí ló gbé mi dé ogun Kíríjì, 1877 sí 1886. (Ìlọrin náà ń bá Ìbàdàn jà nígbà náà, ní Ọ̀fà.) Àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó wà ní Èkó fi ráífù tí wọ́n ń kì láti ìdí ránṣẹ́ sí Èkìtìparapọ̀, ṣakabùlà ló pọ̀ lọ́wọ́ Ìbàdàn. Snider wà lára ráífù wọ̀nyẹn, ìda oyin sì wà nínú kátíríìjì rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi "Kíríjì" ṣe àpẹẹrẹ fún yín ní kíláàsì: orúkọ tí a fi ìró ìbọn sọ. Mo kọ ọ́ sójú pátákó, mo fàmì ohùn sí i, mo sì kọjá lọ. Ó kù díẹ̀ káàtó. Ṣakabùlà náà ń dún! Ohun tó ya ìbọn méjèèjì sọ́tọ̀ wà nínú ihò wọn, èmi ò sì mẹ́nu bà á rí. Ariwo nìkan ni mo fi kọ́ yín, bí ọdẹ ọjọ́sí ṣe rí ọ̀rá tí kò rí ìlà.

Mo ṣì ń wá orúkọ tí àwọn ọdẹ wa ń pe ìlà inú ihò ráífù. Ẹni tó bá gbọ́ ọ lẹ́nu ọdẹ, kó kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi, kó fàmì ohùn sí i, kó sì sọ ìlú tó ti gbọ́ ọ.